Preamp olówó pọ́ọ́kú fún ìgbohùnsílẹ̀ inú ilé: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ ìgbohùnsílẹ̀, láti Àgọ́ Alaye títí wọ Ore, kì í ṣe lórí máìkì. Wọ́n á ti ra máìkì ná. Wọ́n á wá pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra máìkì o, mo ti fi í sára láptọ́ọ̀pù, ohùn mi ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Tí mo bá ní kí n gbé e sókè, ariwo ṣíìì ló ń gba gbogbo ibẹ̀.” Ohun tó yẹ kó wà láàrin máìkì àti kọ̀ǹpútà ni wọn ò rà, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ra èyí tí kò bá máìkì wọn mu. Preamp ni wọ́n ń pè é. Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, fún ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀, tó fẹ́ gba ohùn jìtá, ìlù, orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí oríkì lẹ́nu àgbàlagbà sílẹ̀ nínú yàrá ara ẹ̀.

Ti àgbàlagbà yẹn ló jẹ mí lógún jù. Orin, ẹ lè tún un kọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó lónìí láti ki oríkì ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè má jókòó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ariwo bá ti wọnú ẹ̀, kò sí app tó máa yọ ọ́ tí kò ní bu díẹ̀ nínú ohùn ìyá náà lọ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ wo ni preamp ń ṣe?

Iná tó ń ti inú máìkì jáde kéré jọjọ. Ẹ wo Shure SM58, tí kò fẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Bí ohùn tó kàn án bá lágbára tó decibel 94, ìyẹn bí ìgbà téèyàn ń pariwo sí i, millivolt 1.85 péré ló ń mú jáde. Kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún volt kan. Tẹ́ ẹ bá wá ń ta jìtá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí agbára ohùn ẹ̀ wà ní bíi decibel 74, iná yẹn á tún já wá sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò lè rí nǹkan gidi ṣe sí irú iná bẹ́ẹ̀. Preamp ló máa gbé e sókè kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà.

Ìgbésókè yìí ni gain. Decibel ni wọ́n fi ń kà á, ìṣirò ẹ̀ ò sì le: 20 decibel jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, 40 jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, 60 jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Tẹ́ ẹ bá rí “56 dB” nínú ìwé ẹ̀rọ kan, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà lè gbé iná máìkì sókè ní nǹkan bí ìlọ́po 630.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á máa wá preamp láì wo irú máìkì tó wà lọ́wọ́ wọn. SM58 jẹ́ dynamic. Audio-Technica AT2020 jẹ́ condenser, bí ohùn kan náà bá sì kan án, millivolt 14.1 ló ń mú jáde, ó ju ìlọ́po méje ti SM58 lọ. Rode NT1-A tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó millivolt 25. Ẹni tó ní condenser lè lo preamp tí gain ẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ á sì lọ. Ẹni tó ní dynamic tó ń gba ohùn jẹ́jẹ́ sílẹ̀ nílò gain tó pọ̀ dáadáa. Àpẹẹrẹ tó le jù ni Shure SM7B, máìkì ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí níwájú àwọn oní-podcast. Millivolt 1.12 ni tiẹ̀, Shure fúnra wọn sì sọ pé ó nílò gain tó tó 60 decibel ó kéré tán. Mo mọ èèyàn tó ra èyí tó jọ ọ́ nítorí pé ó rí i lórí YouTube, tó wá fi sínú àpótí kékeré tí kò lè gbé e. Gbogbo owó yẹn ló wà nílẹ̀ tí ohùn ò jáde. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Cloudlifter tó lè fi decibel 25 kún un kó tó dé inú preamp, ṣùgbọ́n owó mìíràn ni o.

Nọ́ńbà 48

Condenser ò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí iná bá wọnú ẹ̀. Iná ọ̀hún ni phantom power, 48 volt, inú wáyà máìkì kan náà ló sì ń gbà lọ. Ìtàn nọ́ńbà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ní 1966, ilé iṣẹ́ Neumann láti Jámánì ṣe máìkì tuntun fún ilé iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè Norway. Níbẹ̀, nígbà òtútù, oòrùn kì í fẹ́ẹ́ yọ, nítorí náà wọ́n ti ṣe iná pàjáwìrì sínú ilé iṣẹ́ náà, 48 volt ni iná yẹn sì ń lò. Wọ́n kúkú ní kí máìkì náà máa lo 48 volt tó ti wà nílẹ̀. Bó ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹ ò rí i, àwa tá à ń sunkún iná, inú iná pàjáwìrì àwọn ẹlòmíì ni nọ́ńbà máìkì wa ti jáde wá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò lára preamp ni bọ́tìnnì “48V”. Bí kò bá sí níbẹ̀, condenser yín ò ní sọ̀rọ̀. Máìkì BM-800 tó kún inú ọjà wa ni ọ̀pọ̀ ń rà láì mọ èyí. Wọ́n á ki wáyà tín-ín-rín tó bá a wá bọ inú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù, ohùn tó máa jáde á fẹ́lẹ́ bí ewé. Kì í ṣe máìkì yẹn nìkan lẹ̀bi, wọn ò fún un lóúnjẹ ni.

Èwo ni kí ẹ rà?

Preamp tó dá dúró wà, bíi ART Tube MP, àpótí kékeré kan tí ò ṣe ju kó gbé ohùn sókè lọ. Ẹ̀rọ tó dáa ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, ẹ ṣì nílò nǹkan mìíràn tó máa sọ ohùn yẹn di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Owó ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹ̀. Audio interface ni kí ẹ wá, nítorí pé preamp ti wà nínú ẹ̀, ìsọdinọ́ńbà ti wà nínú ẹ̀, ihò headphone náà wà níbẹ̀, USB kan ṣoṣo ló sì máa so gbogbo ẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù.

Nínú àwọn tówó wọn kéré jù, Behringer ló wọ́pọ̀. UM2 ní ihò máìkì kan, ó sì ní 48V. UMC22 náà ní ihò máìkì kan, ṣùgbọ́n Midas ni wọ́n kọ sára preamp tiẹ̀. Midas jẹ́ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lórúkọ nínú ẹ̀rọ ohùn àwọn òṣèré ńlá, àwọn tó ni Behringer ló rà á ní 2009, ìdí nìyẹn tí orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ fi wà lára àpótí kékeré. Ẹ má rò pé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ àgbà wọn náà ló wà níbẹ̀ o. UMC202HD ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tiwọn, nítorí pé ihò máìkì méjì ló ní, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀ ní bit 24. Ihò méjì yẹn ṣe pàtàkì fún wa níbí: máìkì kan fún ẹni tó ń ki oríkì, èkejì fún onílù tó ń dá a lóhùn.

Tówó bá fẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ wo Focusrite Scarlett. Solo ní ihò máìkì kan, 2i2 ní méjì. Ìran kẹta 2i2, tó jáde ní 2019, ní gain 56 decibel. Ìran kẹrin, tó jáde ní 2023, gbé e dé 69. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi gan-an fún ẹni tó ní dynamic. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, Solo ìran kẹrin kò ní 69, 57 ni tiẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wo ara páálí. Èyí tí wọ́n ti lò rí, ìran kẹta, tó bá ṣì mọ́, kò burú rárá fún ẹni tó ní condenser.

Mixer kékeré ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ló nílò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní USB máa ń da gbogbo máìkì pọ̀ sí ọ̀nà méjì péré kó tó dé kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá wá rí i lẹ́yìn náà pé ìlù ti bo ohùn mọ́lẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ yà wọ́n. Àpótí V8 tí àwọn ọmọ wa ń rà nítorí bọ́tìnnì ẹ̀rín, àtẹ́wọ́ àti ohùn ọmọdé, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀ kò ní ihò XLR tó ń mú 48 volt jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ fún eré.

Ariwo preamp àti ariwo ilé

Ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní EIN. Ariwo tí preamp fúnra ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ló ń wọ̀n. Òdo ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀: bó bá ṣe jìn sísàlẹ̀ tó ló ṣe dáa tó. -128 dBu dáa ju -120 lọ. Scarlett ìran kẹta kọ -128. Ohun tí àwọn tó ń tà kì í sọ ni pé ìsàlẹ̀ yẹn ní ilẹ̀. Ooru lásán tó wà nínú wáyà máìkì tí ìdènà ẹ̀ jẹ́ ohm 150 ń dá ariwo tó tó nǹkan bí -131 dBu sílẹ̀, kò sì sí owó tẹ́ ẹ máa san tó máa mú un kúrò. Nítorí náà, láàrin àpótí olówó pọ́ọ́kú tó dáa àti èyí tówó ẹ̀ tó ra ọkọ̀, decibel mélòó kan ló kù láti jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. SM58 lórí preamp -128 dBu: ariwo preamp yẹn dọ́gba pẹ̀lú ohùn tó tó nǹkan bí decibel 18 níwájú máìkì. Tó bá jẹ́ preamp -120, ó di nǹkan bí 26. Yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ lóru ńkọ́? Nǹkan bíi 30 ni. Yàrá tí fáànù ń yí nínú ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá wá ń pariwo lẹ́yìn wíńdò, tí ọkọ̀ agégi ń já sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, kí ni -128 àti -120 fẹ́ ṣe fún yín?

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi owó kòkó ọdún kan ra preamp. Ra èyí tó mọ níwọ̀n, tí gain ẹ̀ tó máìkì ẹ, kó o fi owó tó kù ra ìdúró máìkì tó lágbára, wáyà XLR gidi àti headphone tó bo etí. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì méjì tẹ́ ẹ gbé dúró sẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú aṣọ òfì tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ògiri, á ṣe ju ìyàtọ̀ preamp méjì lọ. Páànù orí ilé wa náà ńkọ́, tí òjò bá dé, kò sí preamp nílé ayé tó lè gbà yín.

Ohun mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́: sísún mọ́ máìkì. Tẹ́ ẹ bá gé àárín ẹnu àti máìkì sí ìlàjì, bóyá láti sẹ̀ǹtímítà 30 sí 15, ẹ ti jèrè nǹkan bí decibel 6. Ohùn yín lọ sókè, ariwo ilé dúró síbi tó wà. Fún jìtá, ẹ dojú máìkì kọ ibi tí ọrùn ti pàdé ara, kì í ṣe ojú ihò ẹ̀, nítorí ihò yẹn ló ń mú kó dún bí àgbá.

Ọ̀rọ̀ ìlù yàtọ̀. Ìyá ìlù, gángan, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lágbára débi pé gain kékeré ló tó wọn. Ìṣòro tiwọn ni kí preamp má baà kún àkúnya. Bí iná pupa bá ń tàn nígbà tí gain ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “pad” sí, tàbí kẹ́ ẹ gbé máìkì sẹ́yìn bíi mítà kan. Dynamic dáa fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó jẹ́ pé ìlù nìkan ló fẹ́ gbà sílẹ̀, UM2 tó o.

Iná, inverter àti láptọ́ọ̀pù

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo ùùù tó nípọn lábẹ́ ohùn, ẹ má tíì bú preamp. Iná wa ń yí ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, òun lẹ ń gbọ́ yẹn. Ó máa ń wọlé nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà lórí ṣáàjì, tí sípíkà wà lórí iná ibòmíràn. Àwọn inverter tí iná wọn kò jáde yíyípo dáadáa tún máa ń fi ariwo bíi ti kòkòrò kún un.

Oògùn ẹ̀ rọrùn: ẹ ṣáàjì láptọ́ọ̀pù kó kún, ẹ yọ wáyà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ wá gba ohùn sílẹ̀ lórí bátìrì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ ra interface tó ń gba iná lára USB, kì í ṣe èyí tó gbọ́dọ̀ ní ṣáàjà ti ara ẹ̀. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti kú, fóònù Android lè ṣe é pẹ̀lú wáyà OTG, bí interface náà bá jẹ́ irú èyí tí kò nílò software kó tó dá a mọ̀. Àmọ́ fóònù lè má ní iná tó láti bọ́ àpótí náà pẹ̀lú 48 volt. Ẹ fi USB hub tó ní iná ara ẹ̀ sáàrin wọn, power bank á gbé e. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù náà sí flight mode, tí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo tí-tí-tí tó máa ń wọnú ohùn kí ìpè tó wọlé.

Ẹni tó fẹ́ lọ bá àgbàlagbà nínú oko, níbi tí iná kò dé, Zoom H4n lè yá a ju interface lọ. Ó ní ihò XLR méjì, ó ní 48V, bátìrì kékeré AA méjì ló sì ń lò. Ẹ mú òmíràn dání, torí 48V ń tètè jẹ ẹ́.

Ní ọjà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ránṣẹ́ sí Alaba l'Ékòó, tàbí kó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá lè fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀, ẹ mú máìkì yín, wáyà àti headphone lọ. Ẹ fi máìkì sí i, ẹ má sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ máa yí gain lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ariwo ṣíìì á máa pọ̀ sí i, kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lọ geere. Bó bá ń ta pá-pá-pá bẹ́ ẹ ti ń yí i, ìdọ̀tí tàbí ìbàjẹ́ ti wọ ibẹ̀. Ẹ tan 48V, kẹ́ ẹ dán an wò pẹ̀lú condenser, nítorí bọ́tìnnì lè tàn kí iná má jáde. Ẹ mi ihò USB díẹ̀, bó bá ń já, ẹ gbé e padà fún un. Ihò méjì ló ní? Ẹ dán méjèèjì wò.

Máìkì ayédèrú pọ̀, SM58 ni wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀ jù. Gíráàmù 298 ni ojúlówó wọ̀n. Ẹ má gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n kòkó o, ti oníwúrà ni kẹ́ ẹ wá. Ìwọ̀n nìkan kò tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n tó bá ti yàtọ̀ púpọ̀, ẹ má ṣe rà á.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé

Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ kọrin ṣe ibi tó máa lágbára jù nínú orin náà, kì í ṣe “hello, hello, one two”. Ẹ yí gain títí ibi tó ga jù á fi wà ní bíi -12 lórí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ má wá òdo. Bit 24 ní àyè tó tó decibel 144 láàrin ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù, bit 16 ní 96, nítorí náà ohùn tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ṣeé gbé sókè lẹ́yìn náà. Èyí tó ti kún àkúnya, tó ti fọ́, kò ṣeé tún ṣe. Àwọn àgbà wa pàápàá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí oríkì bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á bú jáde lójijì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn, ẹ tilẹ̀ lè dúró sí -18.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ fi headphone gbọ́ ọ. Fíríìjì tẹ́ ẹ gbàgbé, aago ògiri, adìyẹ tó wà lábẹ́ wíńdò, gbogbo wọn á jẹ́wọ́. Ẹ tọ́jú ohùn náà sí WAV, kì í ṣe MP3, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí ibi méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìyá tó dìde lórí àga.